Omi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gbé Ru Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò tíì ga tó àgbàdo oṣù méjì, kò sí ohun tó ń bà mí lẹ́rù lábúlé wa tó ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ òní lè máà mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí mò ń sọ. Kì í ṣe ti ibi tí èèyàn ò sí. Ti ibi tí èèyàn kún fọ́fọ́ ni, tí wọ́n ń rí ọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì kí ọ.

Abúlé náà kò jìnnà sí Ìfọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ojú irin láti tẹ́ṣàn, tí ẹ yà sọ́wọ́ òsì níbi tí oko ẹ̀gẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, bíi wákàtí kan lẹ ó fi rìn. Agboolé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ilé mẹ́fà tó kọjú sí ara wọn, tí páànù orí wọn ti dípẹtà, àti igi àkòko kan láàárín. Lábẹ́ àkòko yẹn ni àmù dúdú kan wà, tí wọ́n ti ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá tó bí bàbá mi. Àmù àwọn baba là ń pè é. Ní ọrọọrún, ìyàwó ilé kan á jí ní ìdájí, á lọ sódò láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á pọn omi wá, á rọ ọ́ sínú àmù, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin baba, omi rèé." Lẹ́yìn náà ni á gbá ìdí igi náà. Ó parí. Kò sí adìyẹ níbẹ̀, kò sí ewúrẹ́. Ìyàwó méje ló wà nílé nígbà náà, wọ́n sì ń ṣe é yípo. Bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, ẹnì kejì á bá a ṣe é. Ohun tó so wọ́n pọ̀ mọ́ra nìyẹn.

Ìyá mi ni ìkarùn-ún nínú wọn. Fùfú ló ń tà ní ọjà Ìfọ̀. Télọ̀ kan, ará ìhà Ọ̀ṣun, gba yàrá kan sí iwájú ibi tí ìyá mi ń jókòó sí. Lọ́sàn-án, bí ọjà bá ti rọlẹ̀, télọ̀ yìí á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tì, á ṣí Bíbélì, á máa kà á sókè fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ìyá mi ò mọ̀wé, àmọ́ ó létí. Ó gbọ́ títí, ó wá di ọjọ́ kan, ó ní òun gbà. Nígbà tó yá, abẹ́ páànù kan lẹ́bàá ojú irin là ń pàdé sí lọ́jọ́ ìsinmi, àwa bíi mẹ́tàlá pẹ̀lú àwọn ọmọ ọwọ́. Bí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo wa á dákẹ́ àdúrà, a ó dúró kó lọ tán, lẹ́yìn náà a ó ní "Àmín."

Nígbà tí ọjọ́ omi tirẹ̀ tún kù ọ̀la, ìyá mi ò sá pamọ́, kò sì ṣàìsàn ẹ̀tàn. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Àgbà níwájú ilé. Bàbá Àgbà yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí bàbá mi, òun ló dàgbà jù lọ nínú agboolé, kì í sì í ṣe ènìyàn líle. Èmi ni mo bá ìyá mi gbé fùfú tó fi kí i lọ, torí náà etí mi ló gbọ́ ọ.

Bàbá Àgbà ní, "Ìyàwó mi, ta ló ní kí o má lọ ṣọ́ọ̀ṣì? Lọ. Kọrin, jó. Tí o bá dé, kí o pọn omi."

Ìyá mi ní, "Bàbá, ẹ ní kí n pọn omi tí ẹ ó mu, mà á pọn ọ́n títí ọrùn mi á fi kán. Ẹ ní kí n gba ilẹ̀, mà á gbá a. Kíkúnlẹ̀ síbẹ̀ ni mi ò lè ṣe mọ́. Mo ti ní ẹni tí mò ń kúnlẹ̀ fún."

Bàbá Àgbà wò ó títí. Ó mú fùfú náà, ó ní a ṣeun. Ó sì ní sùúrù o, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ìgbà mẹ́ta ni ọjọ́ ìyá mi yí ká, tí àwọn tó kù ń bá a ṣe é, tí Bàbá Àgbà ò sọ nǹkan kan. Nígbà ìkẹrin ló pe gbogbo ilé jọ sábẹ́ igi. Ó ní, "Àwọn baba wa ni ìyàwó yìí ní òun ò lè fún lómi. Ó dáa. Àwa ọmọ wọn náà ò ní gbé omi rù ú. Kí ẹnikẹ́ni má kí i. Tó bá kí yín, ẹ má jẹ́ ẹ. Títí ọjọ́ tó máa rántí ilé tí wọ́n gbé e wá ni."

Ìyàwó kékeré, tí wọ́n gbé wọlé kẹ́yìn, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, ló bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ṣebí wọ́n ní Jésù a máa báni gbé ẹrù? Kó wá gbé garawa rù ú, ká jọ fojú rí i!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu èmi náà, torí ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ìgbà tí mo wo ojú ìyá mi ni mo gbé e mì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tan tápù lónìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Garawa omi tó kún, ẹnì kan kì í dá gbé e rù. Ẹni méjì ní í gbé e sókè, ọ̀kan á wá bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í bá ẹni tó wà lódò ṣọ̀tá. Bí ẹ tilẹ̀ jọ ń jà, ọ̀tá rẹ á gbé omi rù ọ́ ná, kó tó tún máa bú ọ lọ. Kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀ létí odò pẹ̀lú garawa tó kún, ó ju èébú lọ.

Kùkùté ọ̀pẹ kan wà létí odò náà, bí ìjókòó ni ó ṣe ga. Ìyá mi á gbé garawa òfìfo lé orí rẹ̀, á máa fi igbá bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, láti odò sí kùkùté, láti kùkùté sí odò. Tó bá kún, á kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á fi orí wá abẹ́ garawa, á fà á mọ́ra, á wá dìde ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, pẹ̀lú itan tó ń gbọ̀n. Èmi á dúró tì í, mà á na ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ẹni pé mo lè ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí mo ń rí gbà kò ju omi tó ń dà sí mi lójú lọ. Fùfú ń mu omi, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ nígbà mìíràn. Àwọn obìnrin ilé á wà níbẹ̀, wọ́n á máa gbé omi ru ara wọn lójú wa.

Síbẹ̀, kò ṣíwọ́ kíkí wọn. Èyí ló ń dùn mí jù. Láàárọ̀, á yọ sójúde, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé a jí dáadáa?" Á dúró díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìdáhùn yẹ kó fi dé, á wá kọjá sí ẹnu ọ̀nà kejì. "Ẹ káàárọ̀ o." Á tún dúró. Ẹnu ọ̀nà márùn-ún. Mo máa ń fi aṣọ bo etí.

Ẹni tó ṣòro fún un jù láti kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni Ìyá Ìbejì, ìyàwó àbúrò bàbá mi. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé òun àti ìyá mi wọlé. Wọ́n jọ ń lọ sódò ni, wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́, ìyá mi ló gbẹ̀bí ìkejì nínú àwọn ìbejì náà kí agbẹ̀bí tó dé. Láti ọjọ́ tí Bàbá Àgbà ti sọ̀rọ̀, Ìyá Ìbejì á ti wọlé bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ wa.

Bàbá mi ńkọ́? Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó ló ń bá ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Omi! Omi lásán, tó ń ṣàn lọ! Ṣé nítorí omi lo fi fẹ́ sọ mí di ẹni tí ò nílé?" Lóṣù tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ò wálé. Èyí tó tẹ̀ lé e náà, kò wá.

Èmi náà ní ìyà tèmi. A máa ń ta tẹ́ńtẹ́ń lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé ìwé, àwa ọmọbìnrin ilé. Wọn ò bá mi ta á mọ́. Mo ń dá a ta. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹ dá pàtẹ́wọ́, ẹ dá fò, kí ẹ ju ẹsẹ̀ síwájú tí kò ní sí ẹsẹ̀ kankan níwájú yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ta á, mo lọ jókòó.

Ìdánìkanwà yìí ló sún mi dé ibi tí mo dé. Ní ọjọ́ kan tí omi tún kan ìyá mi, tí ẹnikẹ́ni ò bá a pọn ọ́n mọ́, tó bọ́ sí ọjọ́ ọjà Ìfọ̀, ó ti gbé fùfú kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo dìde. Mo mú korobá mi, mo sá lọ sódò kí ẹlòmíì tó jí, ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo sì rọ ọ́ sínú àmù títí ó fi kún. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin baba, omi rèé." Mo gbálẹ̀. Mo wọlé, mo tún sùn. Mi ò rò pé mo ń ṣẹ Ọlọ́run. Ohun tí mo rò ni pé bí àmù bá ti kún, wọ́n á kí ìyá mi.

Wọ́n sì kí i! Hà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Nígbà tó ti ọjà bọ̀ lọ́sàn-án, ìyàwó kékeré yẹn ló kọ́kọ́ rí i lókèèrè. "Ẹ kú ọjà o! Ẹ káàbọ̀ o!" Wọ́n sáré pàdé rẹ̀, wọ́n ń du àgbọ̀n orí rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ta ni yóò sọ̀ ọ́. Ìyá Ìbejì dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. Ìyá mi ń wò káàkiri bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ó rò pé àdúrà òun ló gbà. Ta ni ò ní rò bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ ìsinmi, ó dìde lábẹ́ páànù, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti rọ ọkàn ilé ọkọ òun láìjẹ́ pé òun tẹ̀. Ó jó. Ìyá mi, tí kì í jó, jó títí gèlè fi tú. Gbogbo ìjọ ń ké "Halelúyà." Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹnu mi korò bí ewúro. Àwọn ọmọ ilé ti ń bá mi ta tẹ́ńtẹ́ń láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Ní ọjọ́ kejì ìsinmi yẹn, a wà lódò. Ìyá Ìbejì àti ìyá mi gbé garawa sókè, ìyá mi bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì nu ọwọ́ sára aṣọ, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, láti àárọ̀ ọjọ́ tí o pọn omi yẹn ni mo ti ń rí oorun sùn. Àmù kún dé ẹnu!"

Ìyá mi dúró sán-ún. "Omi wo?"

"Omi àwọn baba ńkọ́. Kí o tó lọ ọjà."

Garawa wà lórí rẹ̀, torí náà kò lè yí ọrùn. Gbogbo ara ló fi yí. Ó wò mí. Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kan ilẹ̀.

"Èmi ni, màámi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni."

Kò nà mí. Ká ní ó nà mí ni! Ó rọra sọ fún Ìyá Ìbejì pé, "Jọ̀ọ́, sọ̀ mí." Wọ́n sọ garawa kalẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó da gbogbo omi náà padà sódò. Lẹ́yìn náà ló gbé garawa òfìfo lọ sórí kùkùté ọ̀pẹ, ó mú igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì ń wò ó. Ó bù ú kún, ó kúnlẹ̀, ó dìde, a lọ.

Kò yà sílé wa. Ó sọ omi kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó mú mi lọ́wọ́, ó di iwájú ilé Bàbá Àgbà. Ó ní, "Bàbá, omi tí ẹ rí lọ́jọ́sí, èmi kọ́ ni mo pọn ọ́n. Ọmọ yìí ni. Kò mọ̀. Ẹ forí jì í."

Bàbá Àgbà ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ̀rúkọ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ilé kì í pọn omi náà. Ìyàwó ló ń pọn ọ́n. Omi yẹn ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni." Ó mí kanlẹ̀. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìyàwó mi, padà sílé. Ohun tí mo gbọ́ yìí, etí mi ni yóò mọ. Ṣé mo ní kí o pọn omi? Mi ò ní kí o pọn nǹkan kan mọ́. Kí o ṣáà dákẹ́ ni."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilẹ̀kùn nìyẹn, gbayawu. Mo ń fi èékánná tẹ ọwọ́ ìyá mi, mò ń sọ nínú ọkàn mi pé, ẹ dákẹ́, màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.

Ìyá mi ní, "Bàbá, tí mo bá dákẹ́, wọ́n á máa kí mi nítorí ohun tí n kò ṣe."

"Ṣé kíkí wọn ò dùn mọ́ ọ ni?"

"Ó ń dùn mọ́ mi dé egungun, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè wá."

Bàbá Àgbà gbé ọ̀bẹ rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ náà fún ìgbà pípẹ́ kó tó ní, "Ó dáa."

Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, gbogbo ilé ti gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi jáde síta. "Ẹ káàárọ̀ o." Ó dúró níwọ̀n ìgbà tí ìdáhùn yẹ kó fi dé. Ó kọjá.

Ó tún ku ibì kan. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó dìde lábẹ́ páànù, ó ní, "Ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo gbà á padà." Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ṣọ́ọ̀ṣì, orin wà fún ẹni tó jẹ́rìí. Orin wo ló wà fún ẹni tó gba ẹ̀rí rẹ̀ padà? Kò sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n máa dá. Obìnrin kan tẹ ètè sí etí èkejì, ó ní irú èyí kì í jẹ́ kí ọwọ́ Ọlọ́run ṣiṣẹ́. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí rélùwéè fi wá kọjá, ó sì gba ìdákẹ́jẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Ní ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìyá mi kò ní ibì kankan mọ́ tí wọ́n ti ń fi ayọ̀ retí rẹ̀, àyàfi ọ̀dọ̀ Ẹni tí èmi kò lè fojú rí.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹrẹ̀ ìdí kùkùté di yíyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ṣubú níbẹ̀, tí gbogbo omi dà, tó tún bu òmíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwa méjì la wà lódò, ó ti kúnlẹ̀, ó ń fi orí wá abẹ́ garawa, ni mo rí ọwọ́ kan tó dì í mú ní etí kejì. Ìyá Ìbejì ni. Kò kí wa. Kò wo ojú wa. Ó gbé e, ìyá mi bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó dìde láìgbọ̀n. Ìyá Ìbejì bu omi tirẹ̀, ó sì bá ọ̀nà ibòmíì lọ. Ní ọ̀la, ó tún wá. Ní ọ̀túnla. Kò kí i o. Fún ọdún méjì gbáko, títí Bàbá Àgbà fi sùn tí òfin náà sì tú fúnra rẹ̀, tí bàbá mi náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálé, Ìyá Ìbejì kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún ìyá mi, ṣùgbọ́n láàárọ̀ láàárọ̀, ó ń gbé omi rù ú.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bí a ṣe ń lọ sílé, ìyá mi sọ láti abẹ́ garawa pé, "Ìyàwó kékeré ní kí Jésù wá gbé e rù mí, ká fojú rí i. Ṣé o rí i?"

Nígbà tí mo ti di abiyamọ, mo bi Ìyá Ìbejì ohun tó mú un wá. Ó ní, "Mo rí i tó da omi tí mo gbé rù ú nù. Ẹni tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìkíni tó ń dùn mọ́ ọn padà, kò lè jẹ́ èké. Mo bẹ̀rù Bàbá Àgbà, ni mi ò ṣe kí i. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Wọ́n ti kọ́ ilé dé etí odò náà, ẹ ò lè mọ ibi tí kùkùté wà. Ìlú Mọ́wé ni mo ń gbé, nínú ilé tó ní ògiri yíká, bọ̀hóò, kànga ẹ̀rọ, wà níbẹ̀, tápù ń ṣàn dé inú ilé ìdáná. Ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀tún ń pariwo bá ti òsì, kò sì sẹ́ni tó máa fi ìyà jẹ ọ́ pé o gba Jésù. Wọn ò tilẹ̀ ní mọ̀ bí o ò bá gbà á. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri mi, ọdún kẹsàn-án rèé, mi ò mọ ohùn rẹ̀. Kò sí Bàbá Àgbà kankan tó pa á láṣẹ kó má kí mi.

Mo ti ń kí i láti ìta. Láàárọ̀, bí mo bá ṣí géètì, mà á ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Mà á dúró díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìdáhùn yẹ kó fi dé. Bí mo bá padà wọlé tí mo pọn omi sínú korobá, àwọn ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, torí mi kì í gbé e lójú ẹsẹ̀. Mà á di etí kan mú, mà á dúró ná, bóyá ọwọ́ kan á di etí kejì mú.